Ṣé a ó yó níbẹ̀?

Ìbéèrè: Tí a bá dé Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ wa fẹ́ mú èmi àti bàbá rẹ̀ lọ jẹun ní ilé oúnjẹ Chishuru. Ó ní a kò ní yan oúnjẹ, ohun tí alásè bá sè ni wọ́n ń gbé wá. Irú èyí wo nìyẹn? – Ìyá kan, Òmù-Àrán

Ìdáhùn: Ẹ bá a lọ. Adejoké Bakare ló ni ibẹ̀, òun náà ló ń sè é. Kàdúná ló dàgbà sí. Yorùbá ni ìyá rẹ̀, Ígbò ni bàbá rẹ̀. Ní Brixton ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2020, ó kó lọ sí àárín ìlú ní 2023, nígbà tó sì di 2024, wọ́n fún un ní ìràwọ̀ Michelin, àmì ẹ̀yẹ fún ilé oúnjẹ tó ta yọ. Òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ti yíyàn yẹn, ta ní ń yan ọbẹ̀ nílé àna? Ohun tó bá dára lọ́jà lásìkò náà ni alásè ń sè. Ẹ̀yin náà kì í wá àgbàdo tútù kiri lójú ẹ̀ẹ̀rùn.

Abọ́ kéékèèké ló ń tẹ̀ léra. Ó ti gbé ekuru wa kalẹ̀ rí, pẹ̀lú kóró elégédé lílọ̀ àti ata rodo. Ẹ ó yó, àmọ́ ẹ má retí òkèlè ràbàtà.

Tí nǹkan kan bá wà tí ara bàbá kì í gbà, kí ọmọ sọ ọ́ nígbà tó bá ń gba àyè sílẹ̀.