RAM Wo Ló Bá Mọ́dábọ́ọ̀dù Wa Mu?

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ní Abuja níbí ló fẹ́ dá ìsọ̀ ìtẹ̀wé sílẹ̀, tí wọ́n sì ń lọ sí Banex àti Emab ní Wuse II láti ra ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè tò ó fúnra wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tí a fi ra ohun tí kò bára mu, owó tó bọ́ sódò ni.

Àwa náà ti jìn sí kòtò yìí rí. A ra pròsẹ́sọ̀ Ryzen 7000 àti mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀, a sì ní kí ẹni tó tà á fún wa fi RAM kún un. DDR4 ló fún wa. Nígbà tí a délé, RAM kò wọlé. Ọmọ tó ń bá wa tò ó fẹ́ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọlé tipátipá, a lọgun mọ́ ọn. A padà sí ìsọ̀, wọ́n ní ọjà tí àwọn bá ti tà, àwọn kì í gbà á padà. Pẹ̀lú àdánù ni a fi ta RAM náà fún ẹlòmíràn.

Kí ló fà á? Eyín 288 ni DDR4 ní, 288 náà ni DDR5 ní, gígùn wọn sì dọ́gba, nítorí náà ojú lásán lè ṣì wọ́n mú. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gé ní ìsàlẹ̀ wọn kò ṣe déédéé ara wọn, iná tí wọ́n ń jẹ náà sì yàtọ̀.

Ta ló wá ń pinnu irú èyí tí a ó rà? Pròsẹ́sọ̀ ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀, mọ́dábọ́ọ̀dù ló ń fi èdìdì sí i. Gbogbo pròsẹ́sọ̀ AMD tó ń jókòó sí sọ́kẹ́ẹ̀tì AM5, láti orí Ryzen 7000 tó jáde ní ọdún 2022, DDR5 nìkan ni wọ́n mọ̀. AM4 tó ṣáájú rẹ̀, DDR4 ni tirẹ̀. Ti Intel ló ń da àwọn ènìyàn láàmú. Ìran kejìlá tó jáde ní 2021, ìkẹtàlá àti ìkẹrìnlá, LGA1700 ni gbogbo wọn ń lò, wọ́n sì lè lo DDR4 tàbí DDR5. Àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo ni mọ́dábọ́ọ̀dù sábà máa ń gbà. B660 méjì lè jókòó pa pọ̀ lórí àtẹ kan, kí ọ̀kan jẹ́ ti DDR4, kí èkejì jẹ́ ti DDR5. Ẹ ka ara páálí dáadáa. Core Ultra 200S ti 2024 kò sí nínú èyí: LGA1851 ni tirẹ̀, DDR5 nìkan ló sì ń gbà.

Ẹni tó bá ní DDR4 nílé kò gbọdọ̀ kánjú tà á. Owó RAM ti gun òkè káàkiri ayé láti ìparí 2025, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ AI ń rà á wọ̀ǹtìwọ̀ǹtì. Fún iṣẹ́ ìtẹ̀wé, lójú tiwa, AM4 ṣì tó gbà.

BIOS náà ńkọ́? Mọ́dábọ́ọ̀dù B650 tó ti pẹ́ lórí àtẹ kò lè mọ Ryzen 9000 tó jáde ní 2024, àfi bí a bá fi BIOS tuntun sí i. Ẹ ní kí olùtajà ṣe é kí ẹ tó sanwó.

Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tan AM5, ojú rẹ̀ lè dúdú fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Kò kú o. Mọ́dábọ́ọ̀dù ń dán RAM wò ni. Ẹ má pa á. Bí iná wa sì ṣe rí yìí, ẹ gbé e sórí UPS ná.

Igi RAM méjì sàn ju mẹ́rin lọ. AMD kọ ọ́ pé Ryzen 7000 lè sáré dé 5200 pẹ̀lú méjì, ṣùgbọ́n 3600 péré pẹ̀lú mẹ́rin. Bí 32GB lẹ fẹ́, ẹ ra 16GB méjì.

Ẹ sì ṣọ́ra fún RAM tòkunbọ̀ tí wọ́n tú lára sáfà, tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú. Ẹ wo lẹ́tà tó tẹ̀lé PC4 àti iye eré rẹ̀ lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn: U ni ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì, S ni ti láptọ́ọ̀pù, R ni ti sáfà. Bí ẹ bá rí R, ẹ dá a padà fún un lójú ẹsẹ̀.