Ẹ Fura sí Ohun tí Ẹ ń Gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ Róòsì

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta báyìí, àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì á ti to ọjà wọn síta: róòsì pupa, róòsì funfun, róòsì pínǹkì, kálukú nínú ọ̀rá dúdú tó kún fún iyẹ̀pẹ̀. Ilé tí àyè iwájú rẹ̀ kò ju ìwọ̀n yàrá kan lọ, onílé á ṣì fi búlọ́ọ̀kù díẹ̀ yí igun kan ká, á ní ọgbà òdòdó òun nìyẹn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ilé tó ní òdòdó níwájú wu ojú. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tó ń tà kì í sọ, tí àwọn tó ń rà kì í béèrè. Róòsì gan-an kọ́ ni ewu inú ọgbà yẹn. Àwọn tí a ń gbìn tì í, àti ohun tí a ń fín sí i lára, ni kí á máa ṣọ́.

Róòsì ní ẹ̀gún. Ọmọ ọdún méjì tó bá fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan kò ní fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́. Igi náà ti bá a sọ̀rọ̀ tán. Èyí tí kò lẹ́gùn-ún, tí ewé rẹ̀ ń dán, tí òdòdó rẹ̀ ń fani mọ́ra, òun ni ọmọ ń já, òun ló ń fi sẹ́nu. Ẹ̀bìtì tí kò kún ẹ̀mọ́ lójú, òun ní ń yí i lẹ́pọ̀n sẹ́yìn.

Èyí tó ń tan ènìyàn jẹ jù ni wọ́n ń pè ní desert rose. Nínú ìkòkò kékeré ni wọ́n máa ń tà á. Ìdí rẹ̀ wú bí iṣu tí ìdajì rẹ̀ yọ sókè ilẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ kò pọ̀, òdòdó rẹ̀ pínǹkì, àárín rẹ̀ sì mọ́ díẹ̀. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń rà á, ẹ ó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí:

“Bùrọ̀dá, ṣé róòsì náà lèyí?”

“Róòsì ni, Mà. Èyí ló dáa jù fẹ́ni tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbélé. Kò lẹ́gùn-ún, kì í gba omi.”

“Ó dáa, ẹ bá mi kó méjì.”

Òótọ́ ni pé kò lẹ́gùn-ún, òótọ́ sì ni pé kì í gba omi púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò bá róòsì tan níbi kankan. Adenium ni àwọn onímọ̀ nípa ewéko ń pè é. Ilẹ̀ gbígbẹ tó lọ láti Senegal dé Sudan, títí wọ Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ni ilé rẹ̀, oje rẹ̀ sì wà lára ohun tí àwọn ọdẹ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà fi ń pa oró sára ọfà. Oje tí wọ́n fi ń pa ẹran ìgbẹ́ yìí ni a wá gbé kalẹ̀ sórí tábìlì kékeré ní pálọ̀, níbi tí ọwọ́ ọmọ tó. N kò ní kí ẹ dà á nù. Ẹni tó bá ti ní i, kí ó gbé e sókè síbi tí ọmọ àti ewúrẹ́ kò lè dé, kí ó wọ ìbọ̀wọ́ nígbà tó bá fẹ́ gé e, kí ó sì fi ọṣẹ fọwọ́ kí ó tó nu ojú tàbí kí ó tó jẹun.

Ìbátan Adenium yìí ni oleander, tí ewé rẹ̀ gùn tínínrín, tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ pínǹkì tàbí funfun. Ìbátan wọn kẹta ló pọ̀ jù nígboro wa, ìyẹn Thevetia tí àwọn kan ń pè ní olómi-òjò, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà yí ọgbà ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì ká. Òdòdó rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò. Èso rẹ̀ tútù yọ̀yọ̀, ó ní igun, tó bá pẹ́ á di dúdú, á já bọ́ sílẹ̀, kóró inú rẹ̀ á sì le bí òkúta. Àwọn ọmọ máa ń ṣà á fi ṣeré. Inú kóró yẹn gan-an ni oró pọ̀ sí jù. Ní orílẹ̀-èdè Sri Lanka, láti nǹkan bí ọdún 1980 wá, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó jẹ kóró yìí ni wọ́n ti gbé lọ sílé ìwòsàn, àwọn kan nínú wọn ni kò sì padà wálé. Ọkàn ni oró náà ń bá jà: ó ń mú kí ó máa lù lọ́ra, kí ìlù rẹ̀ dàrú, títí tó fi lè dákẹ́. Oògùn tó ń pa oró náà wà, ṣùgbọ́n ó wọ́n, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ń ní i nílẹ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ wẹ́wẹ́ nílé kò ní ohun kan tó fẹ́ fi Thevetia ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ róòsì. Kí ó wú u. Tí ó bá sì wú u tàbí tó wú oleander, kí ó má dáná sun ún, nítorí èéfín oleander náà léwu.

Àwọn mìíràn wà tí n ò ní pẹ́ lórí wọn. Dieffenbachia, ewé gbàǹgbà aláwọ̀ ewé tó ní àbàwọ́n funfun, tó kún inú ọ́fíìsì àti ìloro ilé: ẹni tó bá jẹ ẹ́, ẹnu àti ahọ́n rẹ̀ á wú, á máa ta á bí ẹni gún un lábẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ sì lè má jáde. Ojú ológbò tó ń fà lọ sórí ọgbà, tó ní èso pupa olójú dúdú tí wọ́n máa ń sín bí ìlẹ̀kẹ̀: èso kan tí ọmọ bá rún lẹ́nu lè pa á. Gègèmu tí wọ́n tún ń pè ní apíkán, òdòdó rẹ̀ funfun, ó ṣí gbàgà. Ó lè mú orí ẹni tó jẹ ẹ́ dàrú tí kò fi ní mọ ilé mọ́. Lárà. Bọ̀tujẹ̀. (Mo mọ̀ pé bọ̀tujẹ̀ wà nínú àgbo yín. Àgbàlagbà tó mọ̀ ọ́n lò nìyẹn, kì í ṣe ọmọ ọdún mẹ́ta tó rí èso nílẹ̀ tó rò pé ẹ̀pà ni.) Ẹ̀wọ̀n adélé náà, òdòdó rẹ̀ wẹ́wẹ́ ń pa àwọ̀ dà, ó sì rẹwà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sin àgùntàn tàbí ewúrẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó wà nítòsí wọn.

Lójú tèmi, èyí tó burú jù kì í ṣe ewé kankan. Inú ike ló wà.

Kòkòrò wínníwínní aláwọ̀ ewé kan wà tó máa ń bo ìrudi àti ọ̀mùnú róòsì, tí á máa fa omi ara rẹ̀ mu. Bí onílé bá ti rí i, kíá ni á rán ọmọ lọ ra oògùn apakòkòrò. Dichlorvos ni wọ́n á tà fún un, èyí tí a fi ń pa aáyán àti ẹ̀fọn. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ tó jẹ́ mìlílítà 100 lọ́dún 2019 nítorí iye ẹ̀mí tó ń bá a lọ, síbẹ̀ ẹni tó bá wá a lọ́jà yóò rí i. Kì í ṣe ẹnu nìkan ni oògùn yìí ń gbà wọlé síni lára. Ó ń gba awọ ara, ó ń gba imú. Ẹni tó kọjú sí afẹ́fẹ́ tó ń fín in láìwọ ìbọ̀wọ́, láìbo imú, ara rẹ̀ ló ń fín in sí. Tí itọ́ bá ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí òógùn bo ara rẹ̀, tí èémí kò sì já gaara, kì í ṣe “òtútù ló kọlù ú.” Ilé ìwòsàn ló kàn.

Oògùn apakoríko tún wà, tí wọ́n ń dà sí ẹsẹ̀ òdòdó kí koríko má bàa hù. Paraquat ni ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024 ni NAFDAC ti fòfin dè é. Ẹ máa wo ara ike dáadáa kí ẹ tó sanwó, torí ọjà àtijọ́ lè ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹnu kan péré nínú rẹ̀ lè pa àgbàlagbà. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń bà jẹ́, ó lè gba ọjọ́ mélòó kan, olúwarẹ̀ á máa sọ̀rọ̀, á máa dá ènìyàn lóhùn, bẹ́ẹ̀ kò sí oògùn tó lè pa oró rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ lẹ́nu líle: ẹ má ṣe bu oògùn oko kankan sínú ike omi tàbí ike mínírà, kódà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í wo àmì.

Ṣé ó wá yẹ kí kòkòrò jẹ róòsì tán ni? Rárá o. Kòkòrò wínníwínní yẹn, ẹ fi omi tó le díẹ̀ láti ẹnu rọ́bà ṣán an dànù láàárọ̀, tàbí kí ẹ fi omi ọṣẹ tó ṣàn gan-an nù ún. Tí ẹ bá rí kòkòrò pupa kékeré olámì dúdú lẹ́yìn níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, òun ló ń jẹ wọ́n. Àìsàn tó ń yọ róòsì lẹ́nu jù nílẹ̀ òjò bíi tiwa ni àmì dúdú tó máa ń mú ewé rẹ̀ pọ́n, tí ewé á fi wọ́ dànù. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ló fà á, orí ewé tó tutù fún ìgbà pípẹ́ ló sì ti ń gbilẹ̀. Nítorí náà ìdí igi ni kí ẹ máa bomi rin, láàárọ̀, kì í ṣe orí ewé, kì í ṣe nírọ̀lẹ́. Ẹ ká ewé tó ti lámì, ẹ ṣa èyí tó bọ́ sílẹ̀ kúrò. Ẹ gé ẹ̀ka tó há sáàárín kí atẹ́gùn lè ráyè kọjá. Ibi tí oòrùn ti ń ràn fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ ni kí ẹ gbìn ín sí, kí ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́ta wà láàárín igi kan àti èkejì. Ọ̀pọ̀ róòsì tí wọ́n ń fi oògùn wẹ̀ lójoojúmọ́, àyè ló há mọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ àyè yìí náà ló wà nínú ohun tí a ó gbìn tì í. Ẹ̀fìnrìn ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n ní òórùn rẹ̀ ń lé kòkòrò, ó lè rí bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun máa já ẹ̀fìnrìn yìí sọ́bẹ̀ lálẹ́ kò ní fín dichlorvos sí róòsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àlùbọ́sà eléwé ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kì í sì í gba àyè. Marigold, olódòdó yẹ́lò tàbí aláwọ̀ ọsàn, dára níbi tí aràn wínníwínní inú ilẹ̀ ti ń mú gbòǹgbò ta kókó, bí ẹ bá gbìn ín tó pọ̀. Kí wọ́n jìnnà sí ìdí róòsì díẹ̀ o, kí wọ́n má fún un lọ́rùn. Tí ẹ bá fẹ́ fi ajílẹ̀ adìyẹ sí i, ẹ jẹ́ kí ó jẹrà dáadáa fún oṣù mélòó kan. Tútù rẹ̀ ń jó gbòǹgbò.

Àwo tí ẹ gbé sábẹ́ ìkòkò òdòdó, ẹ máa da omi rẹ̀ nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó kéré tán. Bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá ni tanwíjí fi ń di ẹ̀fọn.

Ẹ̀gún náà, mo ní kò léwu tó ìyókù, n kò ní kò léwu. Iyẹ̀pẹ̀ àti ajílẹ̀ ni kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé, ẹ̀gún ló ń gbé e wọnú ẹran ara. Àwọn ìyá wa máa ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ nígbà oyún. Ọ̀pọ̀ baálé ilé ni kò gbà á mọ́ láti kékeré. Bí ẹ̀gún bá gún yín jinlẹ̀, ẹ fi omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ojú egbò, tí ó bá sì ti ju ọdún márùn-ún lọ tí ẹ ti gba abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ lọ gba òmíràn. Bí kókó kékeré kan bá yọ níbi tí ẹ̀gún ti gún yín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí kò jinná, tí àwọn mìíràn sì ń yọ tẹ̀lé e lọ sókè apá, ẹ sọ fún dókítà pé róòsì ni ẹ ń tọ́jú. Fọ́ńgọ́ọ̀sì kan wà tó ń gba ẹsẹ̀ ẹ̀gún wọlé, ìkunra ọjà kò sì ràn án.

Ẹ má fi òdòdó róòsì tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù se tíì, ẹ má dà á sínú omi ìwẹ̀ ọmọ. Wọn ò gbìn ín fún jíjẹ, wọ́n sì lè ti fín oògùn tí kò yẹ kó kan oúnjẹ sí i lára.

Bí ọmọ bá wá jẹ nínú àwọn ewé tí mo kà yìí ńkọ́? Ẹ yọ èyí tó kù lẹ́nu rẹ̀, ẹ fi omi fọ ẹnu náà. Ẹ má fún un ní epo pupa. Ẹ má ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Bí oje bá ta sí i lójú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan ojú náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, kódà omi. Kí ẹnì kan gbé ọmọ, kí ẹlòmíràn ṣẹ́ ẹ̀ka kan lára igi náà tòun ti ewé, òdòdó àti èso, kí ó dì í sínú ọ̀rá, kí wọ́n jọ gbé e lọ bá dókítà lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ oògùn oko ni, ike rẹ̀ gan-an ni kí wọ́n gbé dání.