Òjò-dídì tí ó Ya láti Orí Òkè: Ìṣòro Ìtumọ̀ Kan

Ní Ìlemọ̀nà lẹ́bàá Ọ̀fà, òjò-dídì kì í rọ̀. Nítorí náà, ó ṣòro fún akẹ́kọ̀ọ́ láti sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí òjò-dídì tí ó ti kó jọ sórí òkè bá já, tí ó sì rọ́ sójú irin àti títì nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn a kọ ọ́ pé 'yìnyín bọ́'. Àṣìṣe ńlá ni. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò wá orùlé sá sí, bẹ́ẹ̀ ilé gan-an ni ohun tí à ń wí lè gbé lọ. Bíbélì Yorùbá pàápàá ya méjèèjì sọ́tọ̀: yìnyín le bí òkúta, òjò-dídì ni ó funfun tí ó sì rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo Wellington, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, ní 1910. Òjò-dídì dí ojú irin pa. Ọkọ̀ ojú irin méjì há sí ẹ̀gbẹ́ òkè fún ọjọ́ púpọ̀, kò ṣeé lọ, kò ṣeé bọ̀. Lóru ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta, òjò àti àrá dé. Òjò-dídì orí òkè já, ó sì gbá ọkọ̀ méjèèjì sínú àfonífojì. Ènìyàn 96 ni ó kú. (Wọ́n tilẹ̀ yí orúkọ ibẹ̀ padà sí Tye lẹ́yìn náà, orúkọ a máa ro ni.) Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní Rogers Pass ní Kánádà, òṣìṣẹ́ ojú irin 58 kú níbi tí wọ́n ti ń kó òjò-dídì tí ó kọ́kọ́ já kúrò lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ tí a nílò kò jìnnà sí wa. Lójú irin tí ó gba Ọ̀fà kọjá yìí kan náà, àgbàrá gé irin àti títì láàárín Jẹ́bà àti Mokwa ní 2017. Ní oṣù karùn-ún 2025, ìròyìn sọ pé omi kó jọ sẹ́yìn òkìtì ojú irin ní Mokwa kí ó tó já wọ ìlú; ó pa ènìyàn tí ó lé ní 200. 'Omi ya' ni à ń wí. Ògiri ni í wó, okùn ni í já. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kó jọ títí tí ó fi ju ààlà rẹ̀ lọ, yíya ni í ya. Nítorí náà ni mo fi dábàá 'òjò-dídì-yalulẹ̀', ní àwòṣe 'omíyalé'. 'Ìya' nìkan kò bá mi lára mu, nítorí ìyá àti ìyà.

Mo dán an wò lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tí ó ti tajà rí ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Ọ̀fà. Mo ní, "Màmá, òjò-dídì ya láti orí òkè, ó bo ojú irin." Wọ́n ní, "Ṣé ọkọ̀ ti kọjá kí ó tó ya?"