Ìgbúròó Alámùúlégbè: Ọ̀rọ̀-Ìperí Mẹ́ta fún Ìlànà LLDP

Nínú ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà, àwọn ẹ̀rọ tí a so pọ̀ lè mọ ara wọn láìjẹ́ pé ènìyàn fi wọ́n han ara wọn. LLDP, tí àjọ IEEE gbé jáde ní 2005 pẹ̀lú nọ́ńbà 802.1AB, jẹ́ ìlànà àjùmọ̀lò fún iṣẹ́ yìí; ṣáájú rẹ̀, Cisco ti ní CDP fún àwọn ẹ̀rọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìperí mẹ́ta ni ó gba ìṣọ́ra bí a bá fẹ́ ṣàlàyé LLDP ní èdè Yorùbá.

Àkọ́kọ́ ni alámùúlégbè. Aládùúgbò ni ó kọ́kọ́ ń sọ síni lọ́kàn, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó ń gbé àdúgbò kan náà ni aládùúgbò. Ìsọfúnni LLDP kì í kọjá ẹ̀rọ tí ó wà ní ìdí kejì wáyà. Bí súwíìṣì tí ó ń tẹ̀lé ìlànà yìí bá gbà á, kò ní fi í ránṣẹ́ síwájú. Alámùúlégbè, ẹni tí ilé rẹ̀ fara kan ilé ẹni, ni ó bá a mu.

Èkejì ni ìkéde. Ìkíni kò tọ́, nítorí pé ẹni tí a bá kí ní láti dáhùn, LLDP kì í sì í retí èsì. Bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 sí 30 ni ẹ̀rọ máa ń kéde orúkọ rẹ̀, ihò tí a ki wáyà bọ̀, àti iye àkókò tí ìkéde náà yóò fi wúlò. Kí a fi ìkíni sílẹ̀ fún OSPF, ìlànà tí àwọn ráútà fi ń mọ ọ̀nà. Níbẹ̀, ráútà máa ń to àwọn tí ó ti gbọ́ sínú ìkíni tirẹ̀; bí ráútà kan bá bá ara rẹ̀ nínú ìkíni èkejì, ó mọ̀ pé èkejì ti gbọ́ òun.

Ẹ̀kẹta ni ìgbúròó. Wíwá àti rírí wà nínú ìṣàwárí. Ẹ̀rọ LLDP kò wá ẹnikẹ́ni kiri, kò sì rí ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́ ni. Ìkéde máa ń wúlò fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 120. Bí a kò bá tún gbúròó ẹni tí ó ṣe é kí àkókò náà tó pé, orúkọ rẹ̀ yóò kúrò nínú àkọsílẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó fẹ́ dákẹ́ lè kéde 0, kí a yọ orúkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹwà èdè lásán. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi ìṣàwárí kọ́ lè gbà pé gbogbo ohun tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ ni a ti fojú rí, àti pé ohun tí kò sí níbẹ̀ kò sí rárá. Bẹ́ẹ̀ LLDP fúnra rẹ̀ kò ní ọ̀nà láti wádìí òtítọ́ ìkéde: ẹ̀rọ ẹlẹ́tàn lè jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn, ẹ̀rọ tí a sì ti pa LLDP lórí rẹ̀ lè wà níbẹ̀ láìfọhùn. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ìgbúròó ni yóò máa rán onímọ̀ ẹ̀rọ létí láti tọ wáyà náà dé ìdí rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sọ̀yà.