Ìtọ́jú Ara Tí A Fín Nílé

Láti ayé àwọn bàbá wa ni a ti ń fín ara fún ẹwà ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn olóòlà ni wọ́n sì ni iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ a máa fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ fín ara wọn ní ìkọ̀kọ̀. Ọmọkùnrin kan ní ilé-ẹ̀kọ́ wa kọ orúkọ rẹ̀ sí apá báyìí. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n lo abẹ́rẹ́ kan náà. Ní ọjọ́ kẹrin apá náà wú, ó sì kún fún ọyún, ṣùgbọ́n ó fi aṣọ bò ó, nítorí tí ó ń bẹ̀rù ìyá rẹ̀.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Awọ ara ni ògiri wa. Abẹ́rẹ́ ni ó ń la ẹnu rẹ̀. Ó sàn kí a má ṣe fín ara nílé rárá. Ẹni tí yóò bá fín in, kí ó kíyèsí nǹkan wọ̀nyí:

1. Abẹ́rẹ́ titun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú ọ̀rá ni kí a lò, fún ẹnìkan ṣoṣo. Àrùn ẹ̀dọ̀ àti éèdì a máa ti ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Sísè abẹ́rẹ́ kò tó, nítorí kòkòrò ipá tí í mú àgbọ̀n le a máa yè nínú omi híhó.

2. Kí a fi ọṣẹ àti omi mímọ́ wẹ ọwọ́ àti ojú ibẹ̀, kí a sì fi sípírítì nù ún. Dúdú ìdí ìkòkò àti yíǹkì ìkọ̀wé kò yẹ fún ara.

3. Lẹ́yìn èyí, kí a rọra máa fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, kí a fi aṣọ mímọ́ bò ó. Ẹ má ṣe fi ìgbẹ́ màlúù, erùpẹ̀ tàbí itọ́ sí i. Ẹ má ṣe ṣí èépá rẹ̀. Ẹ má sì wọ odò títí yóò fi jinná.

4. Bí ó bá ti ju ọdún 5 lọ tí a ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ipá, kí a lọ bèèrè rẹ̀ ní ilé ìwòsàn.

Bí pípọ́n ojú egbò bá ń tàn kálẹ̀, tí ó ń ṣọyún, tàbí tí ibà dé, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Bí àgbọ̀n bá ń le, ẹ má ṣe dúró rárá. Láàrin ọjọ́ 3 sí 21 ni ipá sábà máa ń fara hàn, bí egbò tilẹ̀ ti jinná.

Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí ìwòsàn, nítorí pé ìyá rẹ̀ ká aṣọ náà sókè ní àkókò. Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́kọ́ wo egbò ná, kí ẹ tó bá ọmọ wí.