Róólà Sáńpépà Àfọwọ́ṣe fún Ọ̀dọ́ Káfíńtà

Ẹsẹ̀ àga tó tẹ̀ kọrọdọ ló máa ń tú àṣírí ọmọ iṣẹ́. Ojú pákó tó tẹ́jú kò ṣòro. Inú kọ̀rọ̀ ni sáńpépà àfọwọ́mú ti máa ń fo ibì kan, tí á sì jẹ ibòmíràn jù. Ọ̀dọ́ tó ní dírílì, àmọ́ tí kò tíì lówó ẹ̀rọ ńlá, lè ṣe róólà tirẹ̀.

Kó wá igi roboto tó gbẹ dáadáa, kó lu ihò sí àárín gan-an, kó ki bóòtì gígùn bọ̀ ọ́, kó sì fi nọ́ọ̀tì dè é pinpin; ìdí bóòtì tó yọ síta ni ẹnu dírílì yóò gbá mú. Ibi ihò yìí ni kó ti fara balẹ̀ jù. Bó bá yẹ̀ pẹ́rẹ́, róólà á máa jó, ojú pákó á sì rí gbágungbàgun. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kó de dírílì mọ́ tábìlì, kí róólà máa yí, kó wá rọra fi sáńpépà tí a lẹ̀ mọ́ pákó pẹlẹbẹ ha á títí yóò fi yípo déédéé.

Ìgbà náà ni kó tó fi gọ́ọ̀mù lẹ sáńpépà mọ́ ọn. Kí etí méjèèjì pàdé, kí ọ̀kan má gun èkejì. Kó bẹ̀rẹ̀ láti sáńpépà nọ́ńbà 80, kó bọ́ sí 120, kó fi 180 tàbí 220 parí. Ẹni tó bá fo 120 yóò rí ìlà tí 80 fà lábẹ́ fáníìṣì.

Eruku ńkọ́? Ti ìrókò máa ń yún ara. Láti 1995 sì ni IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ti ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa àrùn náà. Kí ọ̀dọ́ ra ìbòmú gidi kó tó ṣe róólà kejì.