Àká Tí A Háyà: Yíyan Iṣẹ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì fún Òwò Kékeré ní Ìyánsàn

Ìfáárà

Iṣẹ́ yìí dá lórí bí oníṣòwò kékeré ṣe lè yan ibi tí yóò máa tọ́jú ìwé òwò rẹ̀ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Elépo kan ní Ìyánsàn, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. A kò ní ẹnì kan pàtó lọ́kàn, irú òwò náà ni a ń wò. Elépo yìí a máa ra epo pupa nígbà tí ó bá pọ̀, a tọ́jú rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì di ìgbà tí owó rẹ̀ bá gòkè, a sì tà á láwìn fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Òkìtìpupa àti Òde-Ìrèlè. Ìwé gbèsè ni ẹ̀mí òwò náà. Bí ó bá sọnù, ta ni yóò jẹ́wọ́ pé òun jẹ owó kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá?

Orúkọ tí ó lè ṣini lọ́nà

Bí a bá tú cloud ní tààrà, ìkùukùu tàbí àwọsánmà ni a ó pè é. Ní èrò tiwa, ìtumọ̀ yìí kò ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, nítorí pé yóò rò pé ojú ọ̀run ni ìwé òun wà, níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà ni ó wà, nínú ilé ńlá tí ń jẹ iná mànàmáná. Okùn abẹ́ òkun ni ó sì so ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ wa. Àká tí a háyà ni. Bí olùkọ́ bá pè é ní àká, ìbéèrè tí ó yẹ yóò tẹ̀lé e: Èló ni owó rẹ̀? Ṣé ọ̀nà ibẹ̀ máa ń dí? Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé a lè kó ẹrù wa jáde?

Owó àká

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí ni a ń fi dọ́là san. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là 1 kò tó ₦500 ní iye ti ìjọba. Ní òpin ọdún 2024, ó ti ju ₦1,500 lọ. Iṣẹ́ oní-dọ́là 10 lóṣù di ìlọ́po mẹ́ta láìjẹ́ pé ẹni tí ó ni ín fi kọ́bọ̀ kún un. Àyè 15 GB tí Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ sì tó ìwé gbèsè elépo láéláé.

Ọ̀nà àti kọ́kọ́rọ́

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Iṣẹ́ àwọn ilé ìfowópamọ́ kan dẹnu kọlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 2021, WhatsApp kò ṣiṣẹ́ káàkiri ayé fún bíi wákàtí mẹ́fà. Ẹni tí orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀ kò sí níbòmíràn joko, ó ń wojú fóònù. Àwọn ìlú gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wà láìní iná ìjọba. Nítorí náà, iṣẹ́ tí a lè kọ̀wé sínú rẹ̀ láìsí nẹ́tíwọ̀kì ni kí elépo yàn. Google Sheets ń ṣe é, ṣùgbọ́n kí nẹ́tíwọ̀kì tó lọ ni a ti gbọ́dọ̀ ṣètò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ni ó dùn wá jù. Ọmọ tí ó gbọ́n fóònù ni ìyá sábà máa ń ní kí ó ṣí àkáǹtì, ọmọ náà a sì fi nọ́ńbà tirẹ̀ ṣí i. Lọ́jọ́ tí ó bá bá tirẹ̀ lọ sí Èkó, ìwé òwò bá a lọ. (Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan; nígbà tí ìyá kò mọ̀wé, ọmọ tí ń bá a kọ ìwé gbèsè ni ó mọ ohun tí ó wà níbẹ̀.) Orúkọ àti nọ́ńbà onísòwò fúnra rẹ̀ ni kí a fi ṣí i, kí a sì kọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń wọlé sínú ìwé tí a tì mọ́ àpótí. Orúkọ àwọn ajigbèsè kì í ṣe ohun tí a ń há kiri pẹ̀lú. Òfin ààbò ìwífún ti ọdún 2023 wà lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Kí olùkọ́ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ gbèsè oníbàárà márùn-ún sínú àkáǹtì kan. Kí wọ́n pa dátà, kí wọ́n fi ẹnì kẹfà kún un. Kí wọ́n tan dátà padà, kí wọ́n wá ẹnì kẹfà yìí lórí fóònù mìíràn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jáde sínú fáìlì tí ẹ̀rọ mìíràn lè ṣí, kí wọ́n sì dà á kọ sínú ìwé pẹ̀lú bírò.